Ohun Tí Ẹ Máa Ń Bi Mí Nípa Ìtàn Alàwòrán Mi: Ẹ̀rọ, Àwọn Olólùfẹ́, àti Pípín Iṣẹ́ Kiri

Ìtàn alàwòrán ni mo ń yà láti Òṣogbo, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo sì ń gbé e sí, lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kà á. Ọmọbìnrin aláró kan ni ìtàn náà dá lé, ẹni tí ó jogún ìkòkò aró ìyá ìyá rẹ̀, tí ó sì ń rí nínú aró náà ohun tí ojú lásán kò lè rí. Ìbéèrè kan náà a máa wá láti ẹnu ènìyàn mẹ́wàá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èmi a sì máa dáhùn ní kúkúrú láàárín iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú àwọn ìbéèrè náà wúwo ju ìdáhùn kúkúrú lọ, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ìwọ̀nyí.

Ẹ̀rọ wo ni ẹ fi ń ṣiṣẹ́?

Kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ kan ni, pẹ̀lú pátákó ìyàwòrán kékeré tí àwòrán kì í hàn lórí rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ni mo ń wò, orí pátákó ni ọwọ́ mi wà. Ó máa ń ya àwọn tí ó kọ́kọ́ rí i lẹ́nu pé n kì í wo ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n awakọ̀ náà kì í wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó tẹ bíréèkì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọwọ́ àti ojú yóò ti mọ ara wọn. Kálámù pátákó mi kò ní bátìrì. Pátákó fúnra rẹ̀ ni ó ń tú agbára mágínẹ́ẹ̀tì jáde, wáyà wíwé tí ó wà nínú kálámù a gba agbára náà, a sì dá èsì padà nípa ibi tí ẹnu kálámù wà àti bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé níbi tí a ti ń ṣọ́ iná, ohun èlò tí kò nílò ṣájà tirẹ̀ jẹ́ ohun iyebíye.

Krita ni ètò tí mo fi ń yàwòrán. Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́ ti olè: àwọn tí wọ́n ṣe é ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé, tí wọ́n sì ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ náà lè tún un ṣe. Bí mo bá wà lójú ọ̀nà, ibisPaint orí fóònù ni mo fi ń ya àkọ́yà.

Ẹ̀gbọ́n, n kò ní owó pátákó ìyàwòrán. Ṣé kí n dúró títí n ó fi rí owó rẹ̀ ni?

Má dúró, àbúrò mi. Fi bírò yà á sórí ìwé, fi fóònù ya ìwé náà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti dára, mú kí funfun rẹ̀ túbọ̀ funfun, kí dúdú rẹ̀ sì túbọ̀ dúdú nínú áàpù ọ̀fẹ́ kan, kí o sì gbé e jáde. Báyìí ni mo ṣe ṣe odindi orí méjì àkọ́kọ́ nínú ìtàn mi, títí di òní ni àwọn òǹkàwé kan sì ń sọ fún mi pé orí méjì náà ni wọ́n fẹ́ràn jù.

Ìlú tí a wà yìí gan-an ni ẹ̀rí mi. Ní ọdún 1962 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo, ní ọ̀dọ̀ Dúró Ládípọ̀ òṣèré, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, olùkọ́ ọmọ Jámánì kan. Ní ọdún 1964, Georgina Beier, ayàwòrán ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ níbẹ̀, láti inú irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn bíi Twins Seven-Seven, Múráínà Oyèlámì, Adébísí Fábùnmi àti Rufus Ògúndélé ti di ayàwòrán tí òkìkí wọn kàn dé òkè òkun. Inú ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládípọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè ìwé ẹ̀rí, kò sì sí ẹni tí ó ní kí wọ́n lọ ra ohun èlò olówó ńlá wá. Wọ́n fún wọn ní àyè, wọ́n fún wọn ní ọ̀dà, wọ́n sì fi ọwọ́ wọn sílẹ̀ kí ó máa sọ tirẹ̀.

N kò ní purọ́ fún ọ pé ẹ̀rọ kò dín wàhálà kù. Ó ń jẹ́ kí n pa àṣìṣe rẹ́ láì ya ìwé, ó ń jẹ́ kí n ya ẹ̀yìn ilé lọ́tọ̀, kí n ya ènìyàn lọ́tọ̀, kí n sì gbé ọ̀kan kúrò lórí èkejì bí ẹní ká aṣọ. Ṣùgbọ́n kò sí bọ́tìnì tí yóò sọ fún ọ pé ìyá ọmọ yìí kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nínú àwòrán yìí, pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ó kọ sí wa. Orí ìwé àti bírò ni a ti ń kọ́ ìyẹn.

Báwo ni ẹ ṣe ń rí iṣẹ́ ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ iná?

Páńẹ́ẹ̀lì sólà kan àti bátìrì rẹ̀ ni ó ń gbé kọ̀ǹpútà mi. Mo máa ń fi ọ̀sán ya ìlà, nítorí pé oòrùn wà, mo sì máa ń fi òru kọ ọ̀rọ̀ sí i, nítorí pé ìyẹn kò gba agbára púpọ̀. Ní ìgbà kan tí n kò tíì ní sólà, iná lọ lójijì nígbà tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú fáìlì kan lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà náà kò sì ní bátìrì tí ó dára. Nígbà tí iná dé, fáìlì náà kọ̀ láti ṣí. Ojú àwòrán 23 ni ó wà nínú rẹ̀. Mo sunkún ní ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pa iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ sí ibi mẹ́ta: inú kọ̀ǹpútà, inú hard drive tí ó wà ní ilé ẹ̀gbọ́n mi ní àdúgbò mìíràn, àti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀dà méjì wà nínú àpò kan náà, nítorí ẹni tí ó bá gbé àpò lọ ti gbé méjèèjì lọ.

Kí ló dé tí àmì ohùn máa ń fò kúrò lórí lẹ́tà nínú ìtàn alàwòrán àwọn ẹlòmíràn, tí tiyín kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé ẹni tí ó bi mí léèrè ti ka Yorùbá inú àwòrán náà pẹ̀lú ojú tí ó yẹ.

Ètò kan wà tí à ń pè ní Unicode, òun ni ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kí gbogbo kọ̀ǹpútà lè dá a mọ̀. Nínú ètò náà, lẹ́tà à àti é ní nọ́ńbà tiwọn ní odindi, tàmì-tàmì. Ẹ, ọ àti ṣ náà ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀, tí wọ́n ní àmì lórí tí wọ́n sì ní àmì nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà odindi kankan: a ó kọ́kọ́ kọ ẹ, a ó wá fi àmì ohùn, tí òun náà ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀, lé e lórí. Ọwọ́ fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà tí a yàn, ni ó wá kù sí láti mọ ibi tí àmì náà yóò jókòó. Fọ́ǹtì ìtàn alàwòrán tí ó wà káàkiri, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe é ní lọ́kàn, wọn kò pèsè ìjókòó fún àmì náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe ń rí i tí àmì orí Ọ̀ṣun ń rìn lọ sórí ṣ, tàbí tí lẹ́tà kan ṣoṣo ń yọ jáde pẹ̀lú ojú mìíràn láàárín ọ̀rọ̀, nítorí pé kọ̀ǹpútà ti lọ yá a láti inú fọ́ǹtì mìíràn.

Àwọn kan rò pé kò burú kí a kúkú yọ àmì náà. Ó burú. Nínú orí karùn-ún ìtàn mi, obìnrin kan dúró sí oríta Ọlá-Ìyá ní Òṣogbo, ó ń sọ lórí fóònù pé ọkọ̀ òun ti bàjẹ́. Bí ẹ bá yọ àmì kan ṣoṣo kúrò níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ ni ó bàjẹ́, ìtàn náà sì ti gba ọ̀nà mìíràn lọ. Òǹkọ̀wé ìwé ìtàn lè fi gbólóhùn mẹ́ta mìíràn tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni àyè rẹ̀ wà nínú àpò ọ̀rọ̀ tí mo ya sí ẹnu obìnrin yẹn.

Ohun kejì ni lẹ́tà ńlá. Àṣà àwọn ayàwòrán Amẹ́ríkà ni kí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú àpò, àwa náà sì gbà á láì yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́tà ńlá ti ga dé òkè ìlà rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tí a bá wá fi àmì lé e, àmì náà yóò gún àmì ìsàlẹ̀ tí ó wà lára lẹ́tà ìlà òkè. Mo ti fi lẹ́tà ńlá sílẹ̀. Lẹ́tà kékeré ni mo ń lò, mo sì ń fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ìlà méjì ju bí ètò ṣe fẹ́ fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi ọwọ́ kọ lẹ́tà rẹ̀ lè lo fọ́ǹtì Charis, Gentium tàbí Noto, ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmì wọn a sì máa jókòó síbi tí ó yẹ. Gboard, pátákó ìtẹ̀wé ti Google, náà ní Yorùbá lórí fóònù. Èmi ń fi ọwọ́ mi kọ ọ́, nítorí pé mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ aláró mi rí bí ìlà tí mo fi ya ìka rẹ̀.

Kí ló dé tí ìtàn náà fi gùn sísàlẹ̀, tí kò rí bí ojú ìwé?

Nítorí fóònù ni. Kòríà ti Gúúsù ni ọ̀nà yìí ti gbilẹ̀. Ọdún 2004 ni ilé iṣẹ́ Naver bẹ̀rẹ̀ Webtoon, ojúlé ìtàn alàwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbẹ̀, ìwọ̀n tí wọ́n sì gbé kalẹ̀ fún ayàwòrán, píksẹ́ẹ̀lì 800 ní ìbú àti 1280 ní gígùn fún ègé kọ̀ọ̀kan, ni èmi náà ń lò. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé àlàfo di àkókò. Nígbà tí ọmọ náà fa aṣọ kúrò nínú ìkòkò aró, ègé mẹ́rin ni mo fi ya aṣọ náà nìkan, àtàǹpàkò òǹkàwé ni ó sì ń fà á jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ojú ìwé kò lè ṣe ìyẹn fún mi. Irú fáìlì àwòrán tí à ń pè ní PNG ni mo fi ń pa iṣẹ́ mọ́ nílé nítorí pé ìlà rẹ̀ kì í rẹ̀, JPEG, irú fáìlì tí ó fúyẹ́ jù, ni mo ń gbé jáde kí ó má baà jẹ dátà yín.

Ṣé mo lè fi ìtàn yín ránṣẹ́ sí ẹbí mi lórí WhatsApp, tàbí kí n gbé e sí sítétọ́ọ̀sì mi?

Ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ kò nílò láti tọrọ àyè lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Mbari wọ Òṣogbo, ọ̀rọ̀ Ìgbò ni. Orúkọ ilé iṣẹ́ ọnà tí àwọn kan nínú àwọn Ìgbò máa ń kọ́ fún òrìṣà ni. Àwọn ará ìlú wa gbọ́ ọ ní èdè tiwọn: bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di Mbari Mbayo. Mo máa ń rántí orúkọ yẹn nígbà tí ẹnìkan bá ní kí n ti ìtàn mi mọ́lé. Mo yà á kí a lè rí i. Ìyá àgbà kan tí ń ta elùbọ́ ní Ọjà Ọba gba orí kẹrin láti ọ̀dọ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀, ó sì fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé mo ti ya ọ̀pá tí a fi ń ro aró kúrú jù. Mo tún un yà. Ìtàn tí a tì mọ́lé kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ gígùn ọ̀pá.

Ìwé àṣẹ tí mo fi ìtàn náà sí abẹ́ rẹ̀ ni ti Creative Commons, àjọ tí ń pèsè ìwé àṣẹ ọ̀fẹ́ fún oníṣẹ́ ọnà, tí wọ́n ń kọ báyìí: BY-NC-SA. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ lè pín in kiri, ẹ sì lè yí i padà, bí ẹ bá dárúkọ mi, tí ẹ kò tà á, tí ẹ sì fi àṣẹ kan náà sílẹ̀ lórí ohun tí ẹ bá ti inú rẹ̀ ṣe. Ẹ má fi ìwé àṣẹ yìí ṣeré bí ẹ bá fẹ́ lò ó fún iṣẹ́ tiyín: ẹ kò lè gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tí ó ti gba iṣẹ́ náà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn la ọwọ́ jù mí lọ. David Revoy, ayàwòrán ilẹ̀ Faransé kan, ń gbé ìtàn alàwòrán rẹ̀ jáde láti ọdún 2014 lábẹ́ àṣẹ tí ó jẹ́ kí ènìyàn tà á pàápàá, kìkì kí wọ́n ṣá ti dárúkọ rẹ̀, àwọn olùfẹ́ iṣẹ́ náà sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè púpọ̀ láì gba owó.

Ohun kan ṣoṣo tí mo ń bẹ̀ yín fún ni orúkọ. Ìsàlẹ̀ ègé tí ó kẹ́yìn ni mo ń kọ ọ́ sí, ibẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn máa ń gé kúrò kí àwòrán lè wọ ojú fóònù dáadáa. Akínọlá Láṣekàn, tí ó ń ya àwòrán òṣèlú sínú ìwé ìròyìn West African Pilot láti àwọn ọdún 1940, kọ orúkọ “Lash” sí iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ kékeré yẹn ni a fi ń mọ ọwọ́ rẹ̀ títí di òní. Kò sí akéwì tí ó mọṣẹ́ tí yóò la ẹnu láì júbà. Yóò júbà àwọn tí ó ti ṣe é ṣáájú, yóò júbà ẹni tí ó kọ́ ọ, lẹ́yìn náà ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ ohun tí ó fẹ́ sọ. Orúkọ tí ẹ bá fi sílẹ̀ lábẹ́ àwòrán, ìbà ni. Ẹ̀yin tí ẹ kò gé e kúrò ni ẹ ń jẹ́ kí òǹkàwé tuntun mọ ọ̀nà tí yóò gbà padà wá bá ìyókù ìtàn.

Wọ́n tẹ ọmọ aláró yín sára aṣọ. Ṣé ẹ̀yin ni ẹ fún wọn láṣẹ?

Rárá. Mo rí aṣọ náà fúnra mi ní àsìkò ọdún Ọ̀ṣun, lọ́rùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó rò pé mo mọ̀ nípa rẹ̀, tí ó sì sọ fún mi tayọ̀tayọ̀ iye tí òun rà á. Wọ́n ti pa orúkọ mi rẹ́. Ó dùn mí gan-an, ó sì yẹ kí n sọ ọ́ gbangba, nítorí àwọn kan rò pé ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ti fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú.

Òfin orílẹ̀-èdè wa kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, dáàbò bo àwòrán láti ìgbà tí a bá ti yà á, ìforúkọsílẹ̀ kì í ṣe dandan, ààbò náà yóò sì wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó yà á. Ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ ayàwòrán láti jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ó tún fún wa ní ọ̀nà láti fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n mú iṣẹ́ tí wọ́n jí kúrò. Ọ̀nà yìí ni mo tọ̀, wọ́n sì mú àwòrán aṣọ náà kúrò níbi tí wọ́n ti ń polówó rẹ̀. Ẹ tọ́jú àkọ́yà yín àti fáìlì tí ó ní ọjọ́ lára. Àwọn ni ẹlẹ́rìí yín.

Ṣé mo lè ya àwọn ẹ̀dá ìtàn yín, kí n sì kọ ìtàn tèmi nípa wọn?

Ẹ yà wọ́n, ẹ kọ ọ́, ẹ sì fi hàn mí bí ẹ bá fẹ́. Gbogbo wa ni wọ́n pa àlọ́ Ìjàpá fún, kò sì sí ìyá kan tí Ìjàpá rẹ̀ bá ti ìyá kejì mu délẹ̀. Ní Tokyo, láti ọdún 1975 ni àwọn olólùfẹ́ ìtàn alàwòrán ti ń pàdé ní ọjà Comiket láti ta ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìtàn nípa ẹ̀dá tí ẹlòmíràn dá. Inú irú ẹgbẹ́ olólùfẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin CLAMP, ẹgbẹ́ ayàwòrán ilẹ̀ Japan kan, ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó di ayàwòrán tí gbogbo ayé mọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi àwòrán ogún ojú ránṣẹ́ sí mi níbi tí ìyá ìyá ọmọ náà kò ti kú. Mo kà á ní alẹ́ kan náà. Ó ti rí ohun kan tí n kò rí: pé ọmọ náà bínú sí ìyá àgbà rẹ̀, kì í ṣe pé ó ń ṣàárò rẹ̀ nìkan. N kò jí èrò náà lò. Mo béèrè bóyá mo lè mú ìbínú náà wọ inú orí kẹsàn-án, ó gbà, orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ lábẹ́ tèmi. Ìbà ni ìyẹn náà.

Ohun méjì péré ni mo kọ̀. Ẹ má ya ọmọ náà ní ìhòòhò tàbí nínú ìṣe àgbàlagbà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ẹ má sì lò ó láti polówó ẹni tí ń du ipò òṣèlú.

Ṣé ẹ máa ń yí ìtàn padà nítorí ohun tí àwọn olólùfẹ́ bá fẹ́?

Bí wọ́n bá tọ́ka sí àṣìṣe, mo ń tún un ṣe, bí i ti ọ̀pá aró. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kí ẹnìkan má kú, tàbí kí ẹnìkan fẹ́ ẹnìkan, mo ń gbọ́, mo sì ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo ti mọ ibi tí ìtàn náà ń lọ. Ẹ ní àṣẹ láti ya òpin tiyín.

Bí ọ̀fẹ́ bá ni, kí ni ẹ ń jẹ?

Mo ń ya àwòrán fún àwọn tí ń ṣe ìwé ọmọdé, ìyẹn ni ó ń san owó ilé. Àwọn òǹkàwé díẹ̀ ń fi owó kékeré ránṣẹ́ lóṣooṣù, mo sì ń tẹ orí mẹ́ta-mẹ́ta jáde ní ìwé fún àwọn tí wọ́n fẹ́ dì í mú lọ́wọ́. Àwòrán tí ó mọ́ lójú fóònù lè ṣú nínú ìwé, nítorí náà ìwọ̀n ìtẹ̀wé, 300 dpi (ẹ̀kán 300 nínú ínṣì kan), ni mo ti fi ń yà á láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n tó sọ ọ́ di kékeré fún yín.

Ṣé ẹ máa ń lo ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán fúnra rẹ̀?

N kò lò ó. Iṣẹ́ àwọn ayàwòrán tí wọn kò tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà, kì í sì í sọ orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ.

Ìgbà wo ni orí tí ó kàn yóò jáde?

Ọjọ́ Ẹtì tí ó kẹ́yìn nínú oṣù, ní ìrọ̀lẹ́. Orí kọkànlá ni. Ọmọ náà yóò gbé ìkòkò aró lọ sí etí odò Ọ̀ṣun, n kò sì tíì parí yíya omi náà.